Aláǹgbá Tí Kò Bẹ Ògiri

Lábẹ́ ìlú Hamburg, níbi tí òjò ò dé,
wọ́n to irin òòfà sílẹ̀ gbọọrọ,
wọ́n fi ògiri kan dábùú àárín rẹ̀.
Ìmọ́lẹ̀ ń sáré bọ̀ láti apá kan,
ó forí sọ ògiri, ó kú síbẹ̀.
Lápá kejì, Wiebke Harmsen jókòó ti òkùnkùn,
ó ń retí ìmọ́lẹ̀ tó ti kú.

Ẹ má bú u.
Àwọn àgbà wa ní bí ògiri ò bá lanu,
aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀.
Aláǹgbá tí Wiebke ń ṣọ́ kò bẹ ògiri.
Bí ó bá wà (mo ní bí ó bá wà),
ìmọ́lẹ̀ á pa ara dà kó tó kan ògiri,
á di ohun kan tí kò mọ irin, tí kò mọ òjé,
á gba àárín ògiri kọjá bí ẹní gba ojúde baba rẹ̀,
á sì bọ́ aṣọ àlejò náà sílẹ̀ lẹ́yìn ibẹ̀,
á padà di ìmọ́lẹ̀.
Ẹyọ kan péré,
nínú àìmọye tó forí sọ ògiri.

Kí ló dé tí wọ́n ń wá a?
Àwọn ìràwọ̀ ń yí po lókè, eré wọn ti pọ̀ jù.
A kó gbogbo ohun tó ń tàn, a gbé e sórí ìwọ̀n,
kò wúwo tó ohun tí í dá irú eré bẹ́ẹ̀ dúró.
Ó yẹ kí wọ́n ti fọ́n ká bí ọkà tó dà lórí àtẹ.
Wọn ò fọ́n ká.
Ta ló dì wọ́n mú?

Wọ́n ń pè é ní ohun òkùnkùn. Orúkọ náà ò bá a mu.
Ohun tó dúdú a máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà;
èyí ò dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.
Ó ń gba ara mi kọjá bí mo ṣe ń kọ èyí,
ó ń gba àyà Wiebke, ó ń gba ife kọfí rẹ̀,
kò yà, kò kí, kò ní "ẹ kú iṣẹ́".
Nílé wa, ẹni tó bá kọjá láìkí ni, a ní kò lẹ́kọ̀ọ́.
Aláìlẹ́kọ̀ọ́ yìí ló gbé ilé ró.

Focko baba Wiebke fi ogójì ọdún pẹja lórí odò Elbe.
Ó bi í lọ́jọ́ Àìkú: "Kí lẹ rí pa?"
"Òfo ni, Bàbá."
"Òfo tí ojú àwọ̀n rẹ̀ ṣe tóbi tó?"
Wiebke gbé ṣíbí sílẹ̀.
Ọ̀gá tó ní ìwé ẹ̀rí mẹ́ta kò bi í bẹ́ẹ̀ rí.

Lóru ọjọ́ kan, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀,
ẹ̀rọ dún.
Ẹ̀ẹ̀kan.
Kò pariwo. Ó rọra jí Tjark tó ń tòògbé,
wọ́n yẹ ilẹ̀kùn wò, wọ́n yẹ ìdè wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
wọ́n fọwọ́ pa ògiri láti òkè délẹ̀
bí ẹni ń wá ibi tó ń ro ọmọ.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n mú olè:
ooru yàrá lásán, tó yọ́ gba inú okùn dígí wọlé,
tó ń fi ara rẹ̀ pe àlejò.
Tjark bú èébú kan tí mi ò ní túmọ̀.
Wiebke kọ "òfo" sínú ìwé,
ó wá kọ ojú àwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tó wọ kóòtù tán, ó kọjú sí ògiri:
"Moin," bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, àárọ̀ ni o, alẹ́ ni o.
Ògiri ò dáhùn.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e sọdá,
ọkùnrin kan fi èjìká gbá a, kò tọrọ àforíjì.
Díẹ̀ ló kù
kí Wiebke dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.